Wọ́n Kọ̀ fún Láoyè Kó Tó Tọrọ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó bá gbé omi kaná lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í mọ ibi tí wọ́n ń gbé dúró. Èmi ni ìyá Adébọ̀wálé, ìyá àgbà Tinúkẹ́. Ilé ọmọ mi ní Hellersdorf ni mò ń gbé, ní ìlú Berlin, lórí àjà kẹfà ilé gogoro kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ jọra bí ìbejì. Wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé ọmọ jòjòló fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ jòjòló náà ti gboyè ní yunifásítì, mo ṣì wà níbẹ̀.

Òun náà ni Tinúkẹ́. Ìfẹ́ òun àti Láoyè ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yìn ni ìfẹ́ náà fi rìn wọlé. Àwọn ẹlòmíràn a fẹ́ràn ara wọn, ọkùnrin a wá tọrọ, kí bàbá ọmọ tó kọ̀. Ní ti àwọn wọ̀nyí, bàbá ló kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá ohun tí ó kọ̀ kiri.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí òtútù ọdún 2018 ń kẹ́rù kó lọ. Mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà dún. Aufzug ilé wa, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ti kú láti àárọ̀, torí náà mo mọ̀ pé ẹni tó bá dé òkè yìí, ẹsẹ̀ ló fi gùn ún, ọ̀rọ̀ gidi ló sì gbé e wá. Mo ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀, ó wé gèlè, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó gbé ìgò oyin dání. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan wà, ó dé fìlà, ó gbé páálí iṣu lé èjìká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a. Ọkùnrin tí kò lórùka lọ́wọ́, tó dé fìlà, tó gbé iṣu, tó ní oyin, tó mú àgbàlagbà ṣáájú, kí ni ẹ̀yin máa rò pé ó wá ṣe? Ohun tí ẹ rò ni èmi náà rò. Mo fi ọwọ́ tí ilá ń yọ̀ lára rẹ̀ gbá ìdí mi gbàì, mo fi orin sẹ́nu, mo ń jó wọlé níwájú wọn.

"Bọ̀wálé! Rónkẹ́! Ẹ jáde o! Àwọn àna wa ti dé!"

Rónkẹ́ ìyàwó ọmọ mi sá wọ yàrá lọ pààrọ̀ ìró. Bọ̀wálé ọmọ mi jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ni Bọ̀wálé ń wà ní apá Lichtenberg. Ohun tí kò bá ti sí lórí irin, Bọ̀wálé kò gbà á gbọ́. Ó wo iṣu, ó wo fìlà, ó wo èmi tí mò ń jó, ojú rẹ̀ le bí òkúta.

"Ẹ kú ilé o," ni obìnrin náà wí. "Ọláídé ni orúkọ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí, Láoyè. Láti Hamburg la ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín, Tinúkẹ́, ló gbé wa wá."

Láoyè sọ páálí kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Sà," ló wí, "tí kì í bá ṣe Tinúkẹ́, mi ò bá tí sí láyé mọ́."

"Hẹn," ni Bọ̀wálé dá a lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe máa ń wí. Èmi gan-an sọ fún ìyá rẹ̀ pé mi ò ní í lè mí tí ò bá sí. Dìde, ọ̀dọ́mọkùnrin. Mi ò mọ̀ ọ́, mi ò mọ ilé yín, ọmọ mi kò dárúkọ rẹ fún mi rí. O kàn jí, o di iṣu, o ní o wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò ní í fi ọmọ mi fún ọ."

Àǹtí Ọláídé la ẹnu, ṣùgbọ́n Láoyè rọra fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ ibi tó wà. Ó dìde. Ó wo Bọ̀wálé, ó wo èmi, ó dà bí ẹni tó gbé omi gbígbóná mì.

"Mo gbọ́, sà," ló wí. "Ẹ ṣé, sà. A ó tún padà wá."

Wọ́n gbé iṣu wọn, wọ́n gbé oyin wọn, wọ́n tún fi ẹsẹ̀ sọ àjà mẹ́fà kalẹ̀.

Nígbà tí Tinúkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, inú ilé ìdáná ló ti bá mi. Ilé àyẹ̀wò kan ló ti ń ṣiṣẹ́, omi ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú ń mu ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní Láoyè wá síbí?"

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó wá. Bàbá rẹ ti lé e, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun máa padà wá."

"Ọkọ wo? Màmá, mi ò ní ọkọ! Láoyè kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin mi!"

"Kí ló wá ń gbé iṣu kiri fún?"

Ni Tinúkẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú firíìjì. "Ó wá dúpẹ́ ni! Màmá, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni, ẹ wá lọ kọ̀ fún un!"

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó gba ìsinmi ní oṣù Kejì, ó sọ fún wa pé òun ń lọ yá oòrùn ní erékùṣù kan ní Maldives, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàálù ńlá, tí wọ́n tún ń wọ kékeré, tí wọ́n tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀. Ó ní erékùṣù náà kéré débi pé tí o bá sín ní etí òkun ìhín, ẹni tó wà ní etí òkun ọ̀hún á kí ọ. Oòrùn tó lọ yá, abẹ́ òkun ló ti lọ yá a. Aṣọ rọ́bà ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn á gbé àgbá irin tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, wọn á fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní ẹnu afẹ́fẹ́ sẹ́nu máa mí, wọn á sì rì lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀!

"Màmá, tí ẹ bá rí ìjàpá òkun," ló wí, "ó ń jẹun jẹ́jẹ́ rẹ̀ lára àpáta, kò tilẹ̀ wo ojú èèyàn. Àwọn manta ńkọ́! Ẹja pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n fẹ̀ ju pálọ̀ wa lọ, apá ni wọ́n fi ń fò nínú omi. Wọ́n ní àpáta kan tí wọ́n máa ń wá, tí àwọn ẹja kéékèèké á máa ṣa ìdọ̀tí ara wọn jẹ."

"Bí ìgbà tí èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A máa ń kúnlẹ̀ lórí iyanrìn dè wọ́n. A kì í lé wọn. Tí ẹ bá lé wọn, wọ́n á lọ. Tí ẹ bá dúró, àwọn fúnra wọn ló máa wá bá yín."

Láoyè ni olórí ẹgbẹ́ tó kó wọn lọ láti Hamburg. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń yẹ̀ wò ní èbúté. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, a máa kọ́ àwọn èèyàn bí a ti ń wọ omi. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, bàbá Jámánì kan láàrin wọn mú kámẹ́rà, ó gbá tẹ̀ lé ìjàpá kan lọ sínú ibú. Láoyè sáré tẹ̀ lé e, ó fà á padà, ó fi í lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́ kó mú un gòkè. Ìgbà tó fi máa yíjú, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ti gbẹ. Tinúkẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Láoyè fa àtẹ́lẹwọ́ kọjá ní ọ̀nà ọ̀fun: lábẹ́ omi, ìyẹn ni pé mi ò ní èémí mọ́. Tinúkẹ́ fún un ní ẹnu afẹ́fẹ́ tirẹ̀, ó dì í mú, wọ́n jọ gòkè.

"Dúró ná," ni mo wí. "O fún un ní ẹnu?"

"Ẹnu afẹ́fẹ́, Màmá."

"Èyí tó ti wà lẹ́nu rẹ?"

"Méjì ló máa ń wà! Èkejì ni mo fún un! Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ó yẹ kí àgbà bèèrè."

Ó ní Láoyè dúpẹ́ nínú ọkọ̀, ó dúpẹ́ ní alẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó tún wá kí i kú oore àná. Ó wá ní kí ó fún òun ní àdírẹ́sì àwọn òbí rẹ̀, nítorí nílé tiwọn, a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kí a fi àwọn tó tọ́ ọ sílẹ̀. Kò sí ohun mìíràn láàrin wọn. Tinúkẹ́ fi ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín lójú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ó ní òun máa padà wá?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀."

"Láti wá ṣe kí ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó ti gbé fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n lè gbọ́ dáadáa.

"Láoyè, kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

Fóònù ọmọ òde òní a máa pariwo, Ọlọ́run bù kún un. Mo gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà ketekete. "Kí n wí báwo? Kí n dojú kọ bàbá rẹ, kí n ní rárá sà, mi ò wá fẹ́ ọmọ yín? Níwájú ìyá rẹ? Wọ́n á ní kí ló ṣe ọmọ àwọn."

"O wá ní o máa padà wá?"

"Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé kí n wá sí Berlin ní Sátidé, ká jọ rò ó?"

Wọ́n jọ rò ó. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé gbogbo ìgbà ooru ni wọ́n fi rò ó. Ní Sátidé yìí Láoyè á wá sí Berlin, wọ́n á rò ó lẹ́bàá odò. Ní Sátidé tó ń bọ̀ Tinúkẹ́ á lọ sí Hamburg, wọ́n á lọ rò ó ní etí odò Elbe. Ó máa ń dé, ara rẹ̀ á ti pọ́n lábẹ́ oòrùn, á máa kọrin nínú balùwẹ̀. Mo bi í léèrè, "Ẹ ò tíì rò ó tán?" Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó sọ òótọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó jókòó síwájú rẹ̀ ní pálọ̀, ó sọ ohun gbogbo, látorí oòrùn tí kò yá dé orí afẹ́fẹ́ tó pín. Bọ̀wálé kò pariwo. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí lára ọmọ mi nìyẹn.

"Ìwọ ni o gbà á là," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy."

"Nígbà náà, gbèsè ọpẹ́ ló ń san. Ìmoore kọ́ ni ìfẹ́, Tinúkẹ́. Ẹni tó fẹ́ ọ nítorí pé o ṣe é lóore, lọ́jọ́ tí o bá ṣẹ̀ ẹ́, á ní òun ti kúrò nínú gbèsè. Ohun kejì. Olórí wọn ni, òun ló mọ̀ ọ́n jù, síbẹ̀ èémí tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Kí n wá gbé ọmọ mi fún un kó tún mú un lọ síbẹ̀?"

"Daddy, èmi náà ni mò ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń mú mi lọ."

"Mo ti sọ tèmi."

Ẹ wò ó, ti omi yẹn, Tinúkẹ́ ní èsì fún un. Èyí tó gún un lọ́kàn ni èkíní. Ní ọ̀sán Sunday tó tẹ̀ lé e, mò ń dirun fún un, orí rẹ̀ wà láàrin orúnkún mi, ó kàn ṣàdédé wí pé:

"Màmá, tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Daddy sọ ńkọ́?"

"Lórí kí ni?"

"Láoyè kò tọrọ mi rí. Ẹ̀yin lẹ kọrin, Daddy ló kọ̀, òun kàn ní òun máa padà wá kí ojú má baà tì mí. Láti ìgbà yẹn ló ti ń padà wá. Kò tíì sọ fún mi pé ohun báyìí ló ń mú òun bọ̀. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkùnrin fẹ́ mi nítorí ẹ̀kọ́ ilé."

Mo dá ìyarun dúró. Ní ọjọ́ orí mi yìí, mo rò pé mo ti gbọ́ gbogbo ìdí tí ọmọbìnrin fi ń kọ ọkùnrin. N kò gbọ́ ìyẹn rí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ fẹ́ ẹ?"

Ó fi ojú pamọ́ sí itan mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló sọ fún Láoyè kó má wá mọ́, kí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ti dúpẹ́ tán. Balùwẹ̀ wa dákẹ́. Oúnjẹ tí mo bá bù fún un, á fi ṣíbí rò ó káàkiri inú abọ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Rónkẹ́ ló wá bá mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Rónkẹ́, kì í tako ọkọ rẹ̀ níta, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a dé ilé ìdáná. "Màmá," ló wí, "nílé wa, kí wọ́n tó kọ ọkùnrin, wọ́n máa ń wádìí rẹ̀ ná. Ta ló wádìí Láoyè? Ẹ lọ bá mi wádìí rẹ̀ ní Hamburg. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì."

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn, èmi tí mi ò mọ ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má lọ ṣe ìwádìí àna ní ilẹ̀ Jámánì. Mo dé àdúgbò rẹ̀, mo tẹ agogo ilé tó kángun sí tirẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó gbé ajá dání yọjú. Mo fi Jámánì mi tó yarọ bi í pé, Láoyè, ṣé èèyàn dáadáa ni? Ṣé obìnrin máa ń wọlé tọ̀ ọ́? Ó ní "Datenschutz," ó tìlẹ̀kùn. Mo gòkè lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yẹn náà ní "Datenschutz." Ọmọ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàlàyé fún mi ní ibùdókọ̀ pé òfin ni, a kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún àlejò. Mo ní irú ìlú wo rèé, tí wọ́n fi òfin de òfófó! Báwo ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó?

Ọ̀nà kan ló kù. Mo lọ sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ń gba ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ó má baà dá mi mọ̀, mo dé fìlà rọ́bà, mo gbé awò dúdú kan tó bò mí dé imú wọ̀, mo ní Ìyá Ògúndáre ni mí. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo rà kò tó ohun tí mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láoyè rí i pé Yorùbá ni mí, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ní ń dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì tó tutù? Ó yọ̀ lọ fìì bí ọṣẹ, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ré sínú omi. Nígbà tó yọrí, ó ní, "Ẹ káàsán, mà."

Wọ́n di àgbá mọ́ mi lẹ́yìn. Wọ́n so òjé mọ́ mi nídìí kí n lè rì. N kò rì. Wọ́n fi òjé kún un. Ìdí mi tó ti ń bá mi gbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kọ̀, ó ní òun ò lọ. Láoyè ní, "Màmá, ẹ tú èémí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Mo tú u sílẹ̀. Ibòmíràn náà gbọ́, ó tú tirẹ̀ sílẹ̀. Omi hó níwájú mi, omi hó lẹ́yìn mi. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, Ọlọ́run, ẹni tó bá lè di ẹ̀rín yìí mú, kò sí ohun tí kò lè mú mọ́ra nínú ìgbéyàwó.

Mo wá rì. Bí omi ti bò mí lórí ni ẹ̀rù dé. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ fa nǹkan ẹnu mi yọ. Láoyè ti kúnlẹ̀ níwájú mi nísàlẹ̀ odò, ó di ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì mú. Kò fà mí. Kò tì mí. Ó kàn ń wò mí lójú, ó ń mí jẹ́jẹ́ kí n lè rí àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, títí tèmi náà fi ń bá a lọ. Bàbá Bọ̀wálé, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n kò dúró dè mí rí. Iwájú ló máa ń rìn, á máa ké pé kí n yára. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú omi, mo ń ronú nípa rẹ̀.

Nígbà tí mo ti wọṣọ tán, Láoyè gbé tíì wá fún mi.

"Màmá, ẹ bá mi kí Tinúkẹ́."

"Tinúkẹ́ wo? Ìyá Ògúndáre ni mí."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọrin fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn yẹn kò pé méjì."

Mo bọ́ awò. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe mọ́? Mo ní, "Láoyè, má fi dídọ̀bálẹ̀ dá mi lóhùn o. Ṣé o fẹ́ ọmọ yẹn, àbí ò ń dúpẹ́?"

Ó yí ife tíì rẹ̀ po. "Ó ti ní kí n má wá mọ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún un láti erékùṣù ọ̀hún. Ojú ń tì mí."

"Ojú ti ọkùnrin, ẹlòmíràn á gbéyàwó. Wá sọ ọ́ ní Hellersdorf. Má gbé iṣu, má gbé oyin. Ẹnu rẹ nìkan ni kó o gbé wá."

Ó dé ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ọdún tuntun, yìnyín ń bọ́ níta. Òun àti Àǹtí Ọláídé ni, ọwọ́ òfìfo. Bọ̀wálé wà lórí àga rẹ̀, Rónkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tinúkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká apá mọ́ àyà. Láoyè dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ̀wálé kò ní kó dìde. Ó fi í síbẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá tọrọ Tinúkẹ́, sà. Lọ́tẹ̀ yìí, òun gan-an ni mo wá tọrọ."

"Ìgbà yẹn, kì í ṣe òun?"

"Ọpẹ́ ni mo mú wá nígbà yẹn, sà. Ẹ ò gbà á."

Rónkẹ́ húkọ́. Kì í ṣe ikọ́.

"Fi iṣẹ́ abẹ́ omi sílẹ̀," ni Bọ̀wálé wí, "ká lè jọ sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní í parọ́ fún yín, sà. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Tinúkẹ́ náà kò ní í fi í sílẹ̀."

"Mo ti ní kó má wá," ni Tinúkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ gbẹ.

Bọ̀wálé wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Ọjọ́ tí èémí rẹ tán," ló wí, "sọ bó ṣe rí fún mi. Láti ẹnu rẹ."

Láoyè bá kápẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ lojú rẹ̀ wà. Ó ní tí èèyàn bá ti ibú bọ̀, kì í lọ sókè tààrà. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ dirodiro nítòsí òkè omi fún ìgbà díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni òun àti Tinúkẹ́ rọ̀ sí, ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ẹnu òun.

"Manta kan kọjá lórí wa, sà. Òjìji rẹ̀ bo àwa méjèèjì. Mo ti mú èèyàn púpọ̀ lọ wo ẹja yẹn. Tó bá ń kọjá, kò sí ẹni tí kì í gbójú sókè, èmi náà pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ náà, mi ò gbójú sókè. Ojú Tinúkẹ́ ni mò ń wò. Mo sọ fún ara mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti tó mi nígbà yẹn, sà. Ẹ̀rù ti lọ. Mo ṣì ń wò ó."

Tinúkẹ́ tú apá rẹ̀ ká.

"O ò rí i?"

"Mi ò rí i."

"Láoyè, irú manta yẹn! Gbogbo yín lẹ sọ ọ́ níbi oúnjẹ alẹ́! Ò ń mi orí!"

"Mo kàn ń mi orí ni."

Bọ̀wálé yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ń wò?"

"Manta ni, Daddy."

Ẹ̀rín pa wá. Mo gbá itan, Àǹtí Ọláídé di gèlè rẹ̀ mú. Tinúkẹ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì.

"Ẹ fẹ́ kí n purọ́ ni? Manta ni mo wò. Ṣùgbọ́n okùn àyà rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ dì mú. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìka mi kò là. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bá mi tú u." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé òtútù ni."

"Òkun ibẹ̀ kì í tutù," ni Láoyè wí láti orí kápẹ́ẹ̀tì.

Tinúkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Bọ̀wálé wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ ojú yẹn. Bàbá rẹ̀ ló jọ tó bá fẹ́ sunkún tí kò fẹ́ kí a mọ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan Láoyè léjìká, jẹ́jẹ́.

"Dìde, àna mi."

Ó dìde. Kápẹ́ẹ̀tì wa ti tẹ àmì òdòdó sí i níwájú orí. Tinúkẹ́ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ìka tọ ipa òdòdó náà níwájú gbogbo wa, kò sì yára gbé ọwọ́ kúrò. Èmi? Ilé ìdáná ni mo lọ. Wọ́n ní mo fun imú mi débi pé àwọn ará àjà karùn-ún fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lu òrùlé wọn pé kí n dákẹ́.